Ẹ má tíì sin NMR: fọ́tò kì í jó

1/ Láti ìgbà tí wọ́n ti fún àwọn tó ṣe AlphaFold ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2024 ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí TL: "Kọ̀ǹpútà ti yanjú purotéènì. Kí lẹ tún ń fi NMR ṣe?" Mo ti dákẹ́ tó. Lónìí mo máa fèsì. Ẹ wá ibi jókòó sí, ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀. 🧵

2/ Kí ẹnikẹ́ni tó fò mọ́ mi: mi ò bá AlphaFold jà o. Mo máa ń lò ó. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ó ti sọ bí purotéènì tó lé ní mílíọ̀nù 200 ṣe máa rí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ tó wà ní Boston, ohun kan náà ni wọ́n ń rí tí wọ́n bá ṣí i. Ẹnu mi ò ní bú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

3/ Ọ̀rọ̀ tí mò ń bá jà ni "ti yanjú" yẹn. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń di ìdí tí wọn ò fi ní ra ẹ̀rọ, tí wọn ò fi ní kọ́ ọmọ níṣẹ́, tí ẹni tó ń pín owó á fi sọ pé "iṣẹ́ àná nìyẹn." Ẹni tó sì máa jẹ ìyà ẹ̀ lè má sí lórí TL yìí rárá. Ó lè wà lórí bẹ́ńṣì níwájú kílíníìkì, ó ń dúró de dókítà. Màá débẹ̀.

4/ Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ara yín ń bára wọn sọ̀rọ̀. "Dàgbà." "Pín sí méjì." "Dúró." "Ó tó, kú." Wọn ò ní ẹnu, wọn ò ní fóònù. Purotéènì ló ń gba iṣẹ́ náà létí sẹ́ẹ̀lì, tó ń fà á lé purotéènì míì lọ́wọ́, títí á fi dé ibi tí jíìnì wà. Bí ọ̀kan bá ṣi iṣẹ́ jẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ.

5/ Ẹni tó bá mọ àrokò, á tètè yé e. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ, kò dìgbà tí wọ́n bá kọ lẹ́tà. Ẹ̀fà ni: ọkàn mi fà sí ẹ. Àmọ́ àrokò ò wúlò lọ́wọ́ ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tú. Owó lásán ló máa kà á sí, á sì ná an.

6/ Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn atúmọ̀ àrokò yẹn là ń pè ní domain. Domain jẹ́ apá kan lára purotéènì tó lè dá dúró fúnra ẹ̀, tó ní ìrísí tirẹ̀, tó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Purotéènì kan lè ní méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lára, bí mẹkáníìkì tó kó oríṣiríṣi irinṣẹ́ sínú àpò kan.

7/ Mẹ́ta péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. SH2: tí wọ́n bá lẹ fọ́sífétì mọ́ amino acid tó ń jẹ́ tyrosine, òun ló máa kà á. Tony Pawson àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà ló ṣàwárí ẹ̀ lọ́dún 1986, nǹkan bí 120 ẹ̀ ló sì wà nínú ara èèyàn. SH3: ibi tí proline bá pọ̀ sí ló ń wá. PH: ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú wọn ń dì mú, kí purotéènì lè dúró síbi tó yẹ.

8/ Ta ló jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe rí? Lọ́dún 1992 ni ìrísí SH2 àti SH3 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn kan lo kírísítálì àti x-ray, àwọn kan lo NMR. Lọ́dún 1994, NMR ló fi ìrísí PH hàn ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, NMR ló fi hàn pé ọ̀rá tó ń jẹ́ PIP2 ló ń dì mú. Ohun tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ àná yìí wà lára àwọn tó kọ́ wa ní A-B-D ọ̀rọ̀ náà.

9/ Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré. Tó bá ń yí, tó wá fì díẹ̀, orí ẹ̀ á máa ká roboto. Kókó inú átọ́ọ̀mù háídírójìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá gbé e sínú òòfà tó lágbára. Ẹ fi ìgbì rédíò kàn án, á dáhùn. Felix Bloch ní Stanford àti Edward Purcell ní Harvard ló gbé e jáde lọ́dún 1946. Nobel wọn dé ní 1952.

10/ Ibi tó ti dùn nìyí. Háídírójìn kọ̀ọ̀kan kì í dáhùn ní ohùn kan náà. Àwọn aládùúgbò ẹ̀ ló ń yí ohùn ẹ̀ padà. Ọmọ Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ níbí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Lẹ́tà kan náà, ohùn ló yàtọ̀, ayé sì yàtọ̀ nínú ìtumọ̀. Háídírójìn tó sá pamọ́ sí àárín purotéènì àti èyí tó wà létí omi, háídírójìn náà ni wọ́n, àmọ́ ohùn wọn ò jọra.

11/ Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn domain kan, ẹ ó fi jíìnì ẹ̀ sínú bakitéríà, ẹ ó sì máa bọ́ bakitéríà yẹn pẹ̀lú oúnjẹ tó jẹ́ pé náítírójìn-15 nìkan ni náítírójìn inú ẹ̀. Gbogbo purotéènì tó bá ṣe á gbé àmì yẹn lára. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ dà á sínú tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ gbé e sínú òòfà. Máàpù kan ló máa jáde, amino acid kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tirẹ̀ níbẹ̀. Proline nìkan ni kì í yọjú.

12/ Ẹ wá kán ohun tí domain yẹn ń bá sọ̀rọ̀ sí i. Àwọn àmì kan á sún kúrò láyè wọn. Àwọn tó sún yẹn ni wọ́n fọwọ́ kàn, tàbí tí ìfọwọ́kàn náà mì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bẹ́ ẹ ṣe ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, ẹ lè mọ ibi tí wọ́n ti dira mú, ẹ sì lè mọ bí wọ́n ṣe dira mú tó. Àrokò ń lọ, ẹ̀yin náà ń wò ó.

13/ Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: inú omi ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Wọn ò dì í, wọn ò sọ ọ́ di kírísítálì. Purotéènì ń mì, ó ń ṣí, ó ń padé, ó ń jó. NMR lè rí ìmìtìtì tó yára ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ó sì lè rí èyí tó gba odindi wákàtí. Fọ́tò á fi ibi tí ẹsẹ̀ oníjó wà hàn yín. Kò ní sọ ìlù tó ń jó sí.

14/ Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyí tí wọ́n máa fojú tín-ín-rín rẹ̀ o. Lọ́dún 1984, Kurt Wüthrich ní Zürich gbé ìrísí purotéènì kékeré kan, tí wọ́n yọ látara àtọ̀ akọ màlúù, síwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. NMR ló fi ṣe é. Àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní àfi tó bá jẹ́ pé ó wo kírísítálì purotéènì míì tó jọ ọ́, ló fi ya tiẹ̀.

15/ Kí ló ṣe? Robert Huber, ọ̀gá nínú iṣẹ́ kírísítálì ní Jámánì, bá a pàdé àdéhùn: kí àwọn méjèèjì mú purotéènì kan náà, tendamistat, kí kálukú dá tirẹ̀ ṣe, kí ẹnì kan má yọjú wo ti ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n kó èsì jáde, wọ́n bára mu. Ẹnu pa mọ́. Wüthrich gba Nobel ní 2002. Mo rò pé ó yẹ ká kọ́gbọ́n níbẹ̀.

16/ Ó dáa. Ẹ jẹ́ n wá sí ẹjọ́ tó ń bí mi nínú. Purotéènì kan wà tó ń jẹ́ Abl. Ó ní SH3, ó ní SH2, ó sì ní apá tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, kinase, tó máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ purotéènì míì. Nígbà tí kò bá sí iṣẹ́, SH3 àti SH2 á fún kinase yẹn mọ́ra látẹ̀yìn. Ọ̀rá kékeré kan tó wà lórí Abl á sì wọ ihò kan lára ẹ̀, bí ìdè tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

17/ Nínú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, CML, krómósómù 9 àti krómósómù 22 á gé, wọ́n á sì pààrọ̀ ara wọn. Jíìnì BCR á lẹ̀ mọ́ ABL. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ yẹn, ìdè ilẹ̀kùn ti já sọnù. Purotéènì tó bá jáde ò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. "Pín! Pín! Pín!" Ẹ̀jẹ̀ funfun á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

18/ Imatinib, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glivec, ló yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001. Ó máa ń wọ inú kinase yẹn lọ, á sì tì í pa. Àìsàn tó ń pa èèyàn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo oògùn sí lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ.

19/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé "kí ló kàn wá níbẹ̀," ẹ gbọ́: láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn CML ní oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà gbé kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí i gbà bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ilé-Ifẹ̀ tiwa yìí o. Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá ọmọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Abl kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè.

20/ Ìbéèrè wá ni: kí ló dé tí imatinib ń mú Abl, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú Src? Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Abl àti Src. Lọ́dún 2007, wọ́n ya ìrísí Src pẹ̀lú imatinib nínú ẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Abl. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìyàtọ̀. Síbẹ̀, bí oògùn yẹn ṣe di Abl mú lágbára ju bó ṣe di Src mú lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún.

21/ Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Fọ́tò méjì tó jọra bí ìbejì. Ìyàtọ̀ tó ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹni tó bá ní fọ́tò ti tó, kó fi fọ́tò méjèèjì yẹn ṣàlàyé fún mi. Mò ń retí yín ní kọ́mẹ́ǹtì.

22/ Láàbù Dorothee Kern ní Brandeis ló tú u lọ́dún 2014, NMR sì wà lára irinṣẹ́ wọn. Ibi tí oògùn bá ti wọlé kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Lẹ́yìn tó bá wọlé tán, Abl á yí ara ẹ̀ padà mọ́ ọn, á dì í mú, kò sì ní jẹ́ kó tètè jáde. Src kì í lè yí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú bí wọ́n ṣe rí. Ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń rìn.

23/ Ó tún kù. Lọ́dún 2020, láàbù Charalampos Kalodimos ní St. Jude, Memphis, fi NMR wo kinase inú Abl. Wọ́n rí i pé kì í dúró sójú kan. Ipò mẹ́ta ló ń pààrọ̀: ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́, méjì tó dákẹ́. Àwọn méjì tó dákẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n débi pé ẹni tó bá ń ya fọ́tò lè má kà wọ́n sí rárá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣọ̀wọ́n yìí gan-an ni imatinib ń dì mú.

24/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Ipò tó ṣọ̀wọ́n jù, òun ni oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ń wá. Àwọn ìyípadà kan nínú jíìnì wà tó máa ń mú kí oògùn má ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ba ibi tí oògùn ń wọ̀ jẹ́. Wọ́n kàn ń mú kí Abl má lọ sí ipò yẹn mọ́ ni. Ilẹ̀kùn wà, kọ́kọ́rọ́ wà, àmọ́ ilé ti yíjú sí ibòmíì.

25/ Ẹ gbé purotéènì tó ní irú ìyípadà ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ fún AlphaFold. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò tó máa dá padà fún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ láti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ló kọ ọ́ sórí ojúlé wọn pé wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún irú iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó ṣe é mọ ìwọ̀n ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo fún wọn ni ẹ ò mọ̀ ọ́n.

26/ Ẹ jẹ́ n gbé èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù jáde. Nígbà tí imatinib ò bá mú Abl kan mọ́, pàápàá nígbà tí threonine tó wà ní ipò 315 bá di isoleucine, kí la máa ṣe? Àwọn onímọ̀ Novartis ní Basel rò ó pé: ihò tí ọ̀rá kékeré yẹn máa ń wọ̀, ìdè ilẹ̀kùn tó já sọnù yẹn, kí ló dé tí a ò fi oògùn dí i?

27/ Wọ́n fi NMR wá àwọn èròjà tó máa wọ ihò náà. Wọ́n rí. Àmọ́ wàhálà kan wà: àwọn kan wọ ihò, kinase ò sì dákẹ́! Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá ń wo "ó wọlé àbí kò wọlé" nìkan, á ti pa iṣẹ́ náà tì.

28/ NMR ló tú àṣírí. Apá kan wà ní ìparí kinase yẹn tó gùn bí ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Wọ́n wá fetí sí ohùn valine kan ṣoṣo lára ọ̀pá náà. Bí èròjà bá wọlé tí ọ̀pá bá tẹ̀, ohùn valine á yí padà. Bí kò bá tẹ̀, wọ́n á mọ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Wíwọlé yàtọ̀ sí títẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni oògùn dúró lé.

29/ Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún èròjà ṣe, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń yọ lára ẹ̀, títí ó fi di asciminib. Wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, títí kan fún àwọn tó ní ìyípadà ipò 315 yẹn. Èèyàn ń gbé e mì lónìí. Ohùn valine kan ṣoṣo wà lára ohun tó fọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ àná ni.

30/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́: "NMR ò lè wo purotéènì ńlá." Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ SH3 ní nǹkan bí 60 amino acid, SH2 ní nǹkan bí 100. Ọmọ ilé NMR ni wọ́n. Láti 1997 tí ọgbọ́n TROSY sì ti jáde, ààlà yẹn ti sún jìnnà. Ní 2007, Remco Sprangers àti Lewis Kay ní Toronto fi NMR wo ìmìrìn inú proteasome, tó wúwo tó 670 kDa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àwáwí míì.

31/ Ìkejì: "Kọ̀ǹpútà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó náà láìpẹ́." Mo gbàdúrà bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ ọ? AlphaFold ò bọ́ láti ọ̀run. Àwọn ìrísí tí èèyàn fi òógùn ojú kó jọ sínú Protein Data Bank láti 1971 ló fi kẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ tó máa mọ ijó, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti wo ijó, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fẹ́ jẹ ẹyin, ẹ tún fẹ́ pa adìyẹ.

32/ Ẹ tún má gbàgbé pé nínú gbogbo amino acid tó wà nínú purotéènì èèyàn, nǹkan bí 58 nínú 100 ni AlphaFold fi ìdánilójú sọ̀rọ̀ lé lórí nígbà tí iṣẹ́ náà jáde ní 2021. Púpọ̀ nínú ìyókù ò ní ìrísí kan pàtó rárá. Wọ́n rọ̀ bí okùn. Àárín domain sí domain ni wọ́n pọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti máa ń lẹ àrokò mọ́ wọn. Ohun tí kò ní ìrísí ò ní fọ́tò. NMR ń gbọ́ ohùn wọn.

33/ Ìkẹta, èyí tó lágbára jù: "Ó wọ́n." Mi ò ní jiyàn. Òòfà yẹn wà nínú helium olómi tó tutù tó -269°C. Helium ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ sí i. Èyí tó jẹ́ 1.2 GHz tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ fún iṣẹ́, Florence ní Ítálì ló balẹ̀ sí ní 2020. Níbi tí a ti ń bá iná mànàmáná ṣeré bojúbojú, mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

34/ Àmọ́ "ó wọ́n" àti "kò wúlò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ má fi èkíní bo èkejì mọ́lẹ̀. Olùkọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ sọ fún mi lójú ara mi pé kí n má fi àkókò ṣòfò lórí NMR, "torí AI ti gbà á." Kò sọ pé a ò lówó ẹ̀. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá bá a kẹ́dùn. Ó sọ àìní di ọgbọ́n. Ìyẹn ló dùn mí.

35/ Torí ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé wa lọ nìyí: wọ́n á máa ya fídíò níbòmíì, àwa á máa tẹjú mọ́ fọ́tò. Wọ́n á mọ ìdí tí oògùn fi kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lára èèyàn tiwọn. Tí ó bá kọ̀ lára ẹni tó rin ìrìn àjò dé Ilé-Ifẹ̀, ìdáhùn tiwa á jẹ́ "bóyá kẹ́ ẹ gbàdúrà." Àdúrà dáa. Àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ torí pé a kọ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́.

36/ Kí ni mò ń fẹ́, nígbà náà? Mẹ́ta. Èkíní: ẹ kọ́ àwọn ọmọ. Kò dìgbà tí òòfà bá wà nílé. Ilé ìṣúra dátà NMR tó ń jẹ́ BMRB wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó ní laptop lè gbé ohùn domain kan jáde níbẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, kó fi wé ti AlphaFold, kó rí ibi tí wọ́n ti yapa.

37/ Èkejì: tí owó ò bá tó fún yunifásítì kan, ṣé kò ní tó fún mẹ́fà tó bá parapọ̀? Èsúsú tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, ọgbọ́n yẹn náà ni. Òòfà kan tí gbogbo ẹkùn ń lò, tó ní ọ̀nà helium tirẹ̀, tó ní iná tirẹ̀, sàn ju ẹ̀rọ mẹ́wàá tí eruku bò.

38/ Ẹ̀kẹta, èyí wà fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí TL: ẹ yé fi ìṣẹ́gun ọ̀kan sọ ìsìnkú èkejì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. X-ray ní tiẹ̀, cryo-EM ní tiẹ̀, AlphaFold ní tiẹ̀, NMR ní tiẹ̀. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. AlphaFold ti láṣọ. Àkísà yẹn, ogójì ọdún tí wọ́n ti ń fetí sí purotéènì nínú omi, ẹ má jù ú nù.

39/ Ẹni tó bá ní "purotéènì ti yanjú," ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: Abl àti Src tó jọra bí ìbejì yẹn, kí ló dé tí oògùn mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Tó bá dáhùn, ẹ ó rí i pé ìrìn ló máa sọ, kò ní sọ ìrísí. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó fi ṣọ́bìrì ẹ̀ sílẹ̀. Òkú tó fẹ́ sin yẹn ṣì ń mí.

40/ Mo ti sọ tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, ààyè wà, ẹ kàn má bú mi. Ẹni tó bá sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ti sọ fún pé iṣẹ́ yìí ti kú, ẹ bá mi fi thread yìí ránṣẹ́ sí i. 🙏🏾